MGB Bàbá: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Bó Ṣe Wà ni, Àbí Ká Sọ Ọ́ Di Ọkọ̀ Òde Òní?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ gbé ẹjọ́ kan wá. Bàbá wọn tó dolóògbé fi MGB kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní GRA Ìkẹjà, ọkọ̀ spọ́ọ̀tì oníjòókòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká. Mẹkáníìkì kan ní Agége ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn dànù, kí wọ́n gbé ti Toyota sí i, pẹ̀lú gíà ọtomátíìkì àti éèsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan bàbá òun. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dìjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe MGB láti 1962 títí di 1980, iye rẹ̀ sì lé ní 500,000. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1,798 cc, bá ti àwọn ọkọ̀ Austin àti Morris tan. Kò ní brain box, kò ní sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó bá mọ kábúrétọ̀ mọ̀ ọ́n. Èyí tí à ń wí yìí, apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, torí pé kó tó di 2 April 1972, apá òsì títì ni à ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Tí wọ́n bá sì bà á jẹ́, kọ́sítọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí ọkọ̀ àlòkù tó ti lé ní ọdún 12 wọlé mọ́.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: tí a bá yí nǹkan kan padà lára rẹ̀, ṣé ó ṣeé dá padà lọ́la?

Mú ọ̀rọ̀ ooru. Bẹ́ẹ̀tì ló ń yí fáànù MGB, tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́, fáànù náà á máa rọra yí. Ní Agege Motor Road nírọ̀lẹ́ Fúráídè, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, omi rédíétọ̀ á hó dandan ni. Fáànù oníná wà tí wọ́n lè fi bóòtù dè síwájú rédíétọ̀, tí wọ́n sì lè tú nígbàkigbà. Ẹ dè é, kò sí ìjà níbẹ̀. Òjé ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni wọn ò ti ta bẹntiróòlù olójé mọ́ ní gúúsù Sàhárà, bẹ́ẹ̀ òjé yẹn ló ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Tọ́nà tó mọṣẹ́ á fi irin líle síbẹ̀, ojú ò ní rí i. Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá náà, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí bẹntiróòlù oní-methanol tó wọ̀lú ní 2022.

Ẹ ṣọ́ra fún rewaya o! Nínú MGB tí wọ́n ṣe ṣáájú ìparí 1967, ẹsẹ̀ pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, kì í ṣe nẹ́gátíìfù. Ẹni tí kò mọ̀ á jó rédíò.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Toyota? Kí gíà rẹ̀ tó lè wọlé, wọ́n á gé irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á jó òmíràn mọ́ ọn. Ọkọ̀ yìí kò ní ṣáásí lọ́tọ̀. Bọ́dì ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Èyí tí wọ́n bá gé ti lọ nìyẹn. Agbára á sì pọ̀ ju ohun tí bíréèkì rẹ̀ lè dá dúró lọ, torí dúrọ́ọ̀mù lásán ló wà lẹ́yìn. Àwọn tó ni MG gan-an gbìyànjú nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ní 1992: wọ́n gbé V8 sínú àwòrán àtijọ́, wọ́n pè é ní RV8. Bíi 2,000 péré ni wọ́n ṣe, Japan sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bọ́dì tuntun ni wọ́n lò, wọn ò gé ti bàbá ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n gba tiẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, kò gba tiẹ̀ lórí "ẹ má fọwọ́ kàn án." Ẹni tó bá fẹ́ éèsì lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó ra Corolla.

Táyà ló kù. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà níbí kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 2008. Bí irú rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì dára tó, torí rọ́bà ń gbó láìrìn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT ni ẹ ó wò: 1407 ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2007. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni nọ́ńbà náà, wọ́n ti ṣe é kó tó di 2000.