Ẹ̀ńjìníà, Ṣé Kí N Tẹ̀ Ẹ́?

Pánẹ́ẹ̀lì tó fọ́ àti ihò ṣájà tó bàjẹ́ ló ń bọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkìrun, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò mówó wọlé ló pọ̀ jù. Àwọn èèyàn á na fóònù sí mi: "Ẹ̀ńjìníà, ó ní kí n ṣe àpúdéètì. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Àwọn ará Inísà tó ń bá mi nájà ń béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ní Òkukù ní tiwọn á ti tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó dé, wọ́n á wá máa bi mí pé kí ló jẹ data àwọn.

Ẹ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ gbé Android yín láti 14 sí 15 tóbi, ó sábà máa ń lé ní GB kan, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kì í sì í rí i gbà láéláé. Èyí tí wọ́n bá pè ní ti ààbò kò tó bẹ́ẹ̀. Ihò tí olè lè gbà wọ inú fóònù ló ń dí, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù, bí kò tilẹ̀ yí ohunkóhun padà lójú yín. Láti Android 10 tó jáde lọ́dún 2019, Google tún ti ń tún àwọn apá kan inú fóònù ṣe fúnra rẹ̀ láti Play Store, láìdúró de ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà. Àpúdéètì tí ẹnì kan bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ pa á rẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ òdodo nínú wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni 8GB. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, wọ́n á wá fi lẹ́tà tín-ín-tín kọ 4GB+4GB sísàlẹ̀. RAM ni tábìlì tí télọ̀ ń gé aṣọ lórí rẹ̀, ibi ìpamọ́ ni kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó aṣọ sí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti bu 4GB kejì yẹn, télọ̀ á sì máa dìde lọ síbẹ̀, á máa padà bọ̀. Ìyá kan láti Inísà san owó lé owó nítorí 8GB yìí, fóònù náà sì ń dì pa lójoojúmọ́. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, fídíò "ẹ káàárọ̀, ọ̀sẹ̀ yìí á tura" láti inú ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Mo pa àfikún RAM náà ní Settings, mo kó àwọn fídíò dànù, ó sì jí. Ìyá náà ní ọmọ àwọn l'Ékòó ti ní kí àwọn ra tuntun.

Ohun tuntun tó wúlò jù kò sí lára páálí kankan, kò sì sí ẹni tó pariwo rẹ̀ ládùúgbò wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí Gboard, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, lè gbọ́: ẹ ó sọ̀rọ̀, òun á kọ ọ́. Ẹ wọ Settings Gboard, ẹ tẹ Languages, ẹ fi Yorùbá kún un, kí ẹ wá tẹ àmì máíìkì. Mo ṣí i fún ìyá elélùbọ́ kan láti Òkukù. Wọ́n gbé ẹnu sún mọ́ fóònù, wọ́n fi gbogbo agbára pariwo: "Ṣadé, owó èlùbọ́ àná kò tíì dé o!" Ó kọ gbogbo rẹ̀ àfi èlùbọ́, ìyẹn ló ṣì gbọ́. Ìyá ní kí n sọ fún un kó wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn kó lè mọ̀ ọ́n. (Òkukù yìí kan náà ni onímọ̀ òyìnbó Karin Barber gbé ní àwọn ọdún 1970, tó ń gba oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú, ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1991. Etí tirẹ̀ ṣì mú ju ti Gboard lọ.)

Lọ́dún 2024 náà ni wọ́n gbé bí ẹ ṣe lè ti fóònù tí wọ́n jí gbé pa láti ọ̀nà jíjìn jáde. Ẹ ó yá fóònù ẹlòmíì, ẹ ó wọ android.com/lock, ẹ ó tẹ nọ́ńbà yín. Android 10 sókè ló ń gbà á, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti tò ó sílẹ̀ ní Settings kí olè tó dé. Ẹ tún tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù tó bá jáde sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù kan náà.

Ti àwọn ọ̀dọ́ wa ni iPhone tòkunbọ̀. iPhone X kò rí àpúdéètì iOS 17 gbà lọ́dún 2023. XR àti XS náà kò rí iOS 26 gbà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ẹni tó ń dá àjọ nítorí XR báyìí, kámẹ́rà àti orúkọ ló ń rà. Mi ò ní kó má rà á o, àmọ́ kó bá wọn ná an dáadáa.

Láti mọ ibi tí àpúdéètì Android tiyín dé, ẹ wọ Settings, About phone, ẹ wá Android security update. Ọjọ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ibi tí àtúnṣe ààbò fóònù yín dé. Tó bá ti ju ọdún méjì lọ, èmi kì í fi ààpù báǹkì sí i fún oníbàárà; USSD ni mo máa ń kọ́ wọn. Àwọn kan á bínú kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n á sì bá wọn fi sí i ní ₦500.