Agégi, Ehoro àti Awólọ́wọ̀: Àwọn Tí Aráyé Rí Nínú Òṣùpá

Bí òṣùpá àrànmọ́jú bá yọ lálẹ́ ọjọ́ tí iná mànàmáná kò sí ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, àbàwọ́n dúdú tó wà lójú rẹ̀ a máa hàn ketekete. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi àbàwọ́n yìí han ọmọdé. Wọ́n á ní kó wò ó dáadáa: ọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀ yẹn, àáké ló gbé lọ́wọ́, igi ló ń là. Bí ọmọ bá béèrè ohun tó gbé e débẹ̀, èsì ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tí gbogbo ènìyàn jókòó sílé lòun mú àáké lọ sídìí igi, ni Ọlọ́run bá gbé e sínú òṣùpá kí aráyé máa fi í kọ́gbọ́n. Ẹlòmíràn á ní ìyá tó pọn ọmọ ni òun rí ní tòun.

Ìtàn agégi yìí ní ìbátan lókè òkun. Wọ́n ti ń pa á tipẹ́ ní Jámánì àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ará Jámánì ṣe ń sọ ọ́ ni pé ọkùnrin kan ru ìdì igi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó pàdé àlejò kan tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àlejò bi í pé ṣé kò mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi lòní ni. Ó fèsì pé ọjọ́ Àìkú láyé ni o, ọjọ́ Ajé lọ́run ni o, kò sí èyí tó kan òun níbẹ̀. Àlejò ní ó dáa, kó máa ru igi rẹ̀ lọ títí ayé nínú òṣùpá. Gbòǹgbò ìtàn náà wà nínú Bíbélì, ní orí 15 Ìwé Númérì, níbi tí wọ́n ti sọ ọkùnrin tó ń ṣa igi lọ́jọ́ ìsinmi lókùúta pa lẹ́yìn ibùdó. Òṣùpá kò sí nínú ìtàn Bíbélì yẹn rárá. Àwọn ará Yúróòpù ló fi kún un.

Ó jọ pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ìtàn náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ló wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi fún ìtàn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn nítòsí Ìsẹ́yìn, ló ṣíwájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, odindi rẹ̀ sì parí ní 1884. Ṣùgbọ́n kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún lágbègbè Ọ̀yọ́ ni àwọn olùsìn Ṣàngó ti ń pa ọjọ́ Jàkúta mọ́, tí wọn kì í lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti mọ̀ láti kékeré pé ọjọ́ òrìṣà kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ kò ní í janpata kó tó gbà pé ìyà tọ́ sí agégi yẹn.

Bí a bá wá fi Yúróòpù sílẹ̀, tí a kọrí sí Éṣíà, ehoro ni wọ́n rí. Àwọn ará Ṣáínà ní ó ń gún oògùn àìkú nínú odó, lọ́dọ̀ arẹwà obìnrin kan tó ń jẹ́ Chang'e. Ní Japan àti Kòríà, ìrẹsì ló ń gún. Nínú ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ní Íńdíà, ehoro rí alágbe tí ebi ń pa, kò ní nǹkan kan tó lè fún un, ló bá fò sínú iná kí alágbe lè rí ẹran jẹ. Òrìṣà ni alágbe náà. Ó yọ ehoro nínú iná, ó sì ya àwòrán rẹ̀ sójú òṣùpá. Àwọn Aztec ti Mẹ́síkò náà rí ehoro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ńlá ló là wọ́n àti Éṣíà láàárín: wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ òṣùpá fẹ́ bá ti oòrùn dọ́gba, làwọn òrìṣà bá sọ ehoro lù ú lójú kó lè ṣókùnkùn díẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1969, bí Apollo 11 ṣe ń lọ sí òṣùpá, àwọn tó ń darí ìrìnàjò náà láti Houston sọ ìtàn Chang'e àti ehoro ńlá rẹ̀ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Èsì tó wá látòkè ni pé àwọn yóò máa fojú sílẹ̀ dè wọ́n. Ibi tí Neil Armstrong àti ẹnì kejì rẹ̀ wá balẹ̀ sí bọ́ sí orí ehoro gan-an. Nígbà tí Ṣáínà fi ẹ̀rọ tiwọn ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, Yutu ni wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ tó ń rìn lórí ilẹ̀ òṣùpá náà, orúkọ ehoro yẹn.

Kí ni àbàwọ́n náà gan-an? Pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkúta dúdú ni. Ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn tí òkúta yíyọ́ tú jáde látinú òṣùpá, tó ṣàn kún àwọn kòtò ńláńlá, tó sì dì síbẹ̀. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni òṣùpá ń kọ sí ayé nígbà gbogbo, àwòrán kan náà ni baba ńlá wa rí tí àwa náà ń rí. Oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ẹ̀rọ Luna 3 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú kò sì tó nǹkan níbẹ̀. Ojú ènìyàn kì í sinmi wíwá ojú àti ìrísí ẹ̀dá nínú ohun gbogbo. Ó kàn rí ibi sinmi lé lórí òṣùpá ni.

Ẹni tó bá wà ní Afijió, agbègbè tí Fìdítì àti Ìlọrà wà, lè rí nǹkan kan tí ará London kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wa kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà òṣùpá a máa gba òkè orí wa kọjá. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ níhà ìlà-oòrùn, ẹ wá àbàwọ́n roboto kan tó dá dúró: apá òkè ló máa wà. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀ tí òṣùpá ń wọ̀, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Agégi tó dúró ṣánṣán ní ìrọ̀lẹ́ ti dorí kodò ní ìdájí.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ẹranko nìkan kọ́ ni aráyé ń rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ Yorùbá ṣì rántí ariwo tó gba ìgboro kan pé wọ́n rí olóṣèlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nínú òṣùpá. Fìlà Awo àti jígí ojú rẹ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ni wọ́n ń wá lójú òṣùpá. Àwọn kan so ó mọ́ ìgbà tó wà lẹ́wọ̀n: wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, Gowon, olórí ìjọba ológun, sì tú u sílẹ̀ ní Kàlàbá ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966. Àwọn mìíràn so ó mọ́ ìgbà ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, nígbà tó du ipò ààrẹ ní 1979 àti 1983 tí kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní May 9, 1987 ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ìgbà tí ọkàn àwọn ènìyàn ń fà sí i, tí ọwọ́ wọn kò sì tó o, ni.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Mòrókò. Ní August 20, 1953, àwọn Faransé yọ ọba Mohammed Karùn-ún lórí oyè, wọ́n gbé e lọ sí Corsica, wọ́n sì tún gbé e lọ sí Madagascar. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí gun òrùlé ilé wọn lálẹ́, wọ́n ń rí ojú ọba nínú òṣùpá. Ọdún 1955 ni ọba tó padà wálé. Ní Ìráànì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978, nígbà tí Khomeini, aṣáájú ẹ̀sìn tó wà ní ìgbèkùn, ń gbé nítòsí Paris, òkìkí kàn pé ojú rẹ̀ yóò hàn nínú òṣùpá, àti pé ọmọ àlè nìkan ni kò ní í rí i. Ta ló máa wá sọ pé òun kò rí i? Ní February 1, 1979 ni Khomeini balẹ̀ sí Tehran.

Àwọn kan á pe èyí ní àìmọ̀kan. Ìyẹn kò tọ́. Ìjọba lè kó ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n tàbí sí ìgbèkùn, kó yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, kó sì ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó lè gbẹ́sẹ̀ lé òṣùpá. Àwọn tó jáde síta lálẹ́ wọ̀nyẹn ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè mú wọn.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn agégi lẹ́nu ìyá wọn, àti àwọn tó dúró síta wá Awólọ́wọ̀ lójú òṣùpá, ṣì wà láàyè ní Fìdítì, Ìlọrà, Àwẹ́ àti Akínmọ́ọ̀rìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ lọ bá wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, ẹni tó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, àti ìdí tí wọ́n gbọ́ pé ó fi wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ ṣáà gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀ sí i.