Àkójọ Orin Méjì: Ti Tokyo àti Ti Joju

Ọmọkùnrin kan wà ní Joju, ní Sángo Ọ̀tà, tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kó orin sínú memory card fún àwọn oníbàárà. Ní Tokyo, National Diet Library, ilé ìkówèésí ìjọba Japan, náà ń kó orin jọ. Wọn ò mọ ara wọn rí, àmọ́ mi ò lè kọjá lára ọmọ yìí kí n má rántí wọn.

Rekion ni wọ́n ń pe ti Tokyo. Láti 2011 ni wọ́n ti ṣí i fún aráyé: nǹkan bí 50,000 orin, ọ̀rọ̀ àti àwàdà, láti inú àwo orin tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1900 sí 1950, irú àwo tó ń fọ́ bí abọ́ tánganran bó bá já bọ́. Naniwabushi wà níbẹ̀, ìtàn tí wọ́n ń sọ, tí wọ́n ń kọ lórin, sí ìró ohun èlò olókùn mẹ́ta. Ẹni tó mọ ewì wa kò ní ṣàjèjì sí i. Irú àwo bẹ́ẹ̀ náà ni Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti kọrin sí fún iléeṣẹ́ àwo orin Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Ti Joju kò lórúkọ, kò ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni ẹnìkan dà sí CD, tí ẹlòmíràn tún dà sí kọ̀ǹpútà. Bí o bá fetí sílẹ̀ dáadáa, wàá gbọ́ bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń hó lábẹ́ dùndún.

Tokyo ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ olórin: orin tí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan bá ṣì wà lórí rẹ̀, àfi kí o lọ gbọ́ ọ nínú ilé ìkówèésí náà tàbí nínú àwọn ilé ìkówèésí mìíràn tó ń bá a ṣe é. Joju ò ṣọ́ nǹkan kan. Ẹni tó mówó wá ló ń gbà, kọ́bọ̀ kò sì kan olórin. Bí wọ́n bá ní olè ni, mi ò ní jiyàn. Síbẹ̀, bí kọ̀ǹpútà ọmọ yìí bá jóná lónìí, àwọn orin náà ti wà nínú ọkọ̀ àìmọye láti Sángo dé Abẹ́òkúta.

Orúkọ ló so wọ́n pọ̀. Àmì tí àwọn ará Japan fi ń kọ orúkọ kì í sọ bí wọ́n ṣe ń pè é: àmì méjì kan náà, ìyá kan lè fi kọ Sachiko, kí ìyá mìíràn fi kọ Yukiko. Nítorí náà ni àwọn onílé ìkówèésí ibẹ̀ fi ń kọ ìpè sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Àwa náà ńkọ́? Kọ Yorùbá láìfàmì sí i, bákan náà ló rí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú ìwé ni ìpè wà ní Tokyo. Ní Joju, ẹnu ọmọ yìí ni.

Mo rí "Owo" lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ní kó kó o fún mi.

"Bàbá, owó ni àbí ọ̀wọ̀? Méjèèjì wà níbí."

Ó kùn wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ̀ ni mo ń wá.