Ìdájọ́ Òdodo, Àánú àti Ìfẹ́ nínú Ìgbé-Ayé Onígbàgbọ́: Ẹ̀kọ́ láti inú Ọ̀ràn Ìgàngán ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òwe yìí fi ìṣòro tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí hàn. Níbi tí a bá ti ń jà fún ẹ̀tọ́, ìfẹ́ a máa tutù níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì pa á láṣẹ pé kí onígbàgbọ́ ṣe òdodo, kí ó ṣàánú, kí ó sì fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀, láìfi ọ̀kan pa èkejì lára. Báwo ni èyí ṣe lè ṣeé ṣe? Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán; ó ti dé ìloro ilé wa.

Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ìdájọ́ òdodo ni kí a gba ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ padà fún un, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ sì dáhùn fún ìwà rẹ̀. Àánú ni kí a dín ìyà tí ó tọ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kù, kí ó lè rí àyè yí padà. Ìfẹ́ ni kí a máa wá ire àwọn méjèèjì. Ní èrò tiwa, ìfẹ́ ni gbòǹgbò. Ìdájọ́ àti àánú ni ẹ̀ka rẹ̀. Ìdájọ́ tí kò ní ìfẹ́ nínú a di ẹ̀san. Àánú tí kò ní òdodo nínú a di àkẹ́bàjẹ́.

Ìtàn Sákéù nínú ìwé Lúùkù orí 19 jẹ́ àpẹẹrẹ. Jésù wọ ilé rẹ̀ kí ó tó dá kọ́bọ̀ kan padà. Lẹ́yìn èyí ni Sákéù ṣèlérí láti san ohun tí ó rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àánú kò lé òdodo jáde. Òun ni ó la ọ̀nà fún un.

Ọ̀ràn Ìgàngán

Ìgàngán jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá. Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti Tápà ni mẹ́fà yòókù. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ti ń fẹjọ́ sùn pé màlúù ń jẹ oko wọn, àti pé ajínigbé ń dá wọn lọ́nà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n pa Ọ̀mọ̀wé Fatai Aborode, ẹni tí ó dá oko ńlá síbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Olóyè Sunday Adéyẹmọ, tí a mọ̀ sí Ìgbòho, fún Sàríkí Fúlàní ní ọjọ́ méje láti kúrò nílùú. Lẹ́yìn náà, wọ́n dáná sun ilé Sàríkí, òun àti ẹbí rẹ̀ sì sá lọ. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán. Wọ́n pa ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ, wọ́n sì dáná sun ààfin ọba. Ọjọ́ Ìsinmi ni ilẹ̀ mọ́ sí.

Kí ni onígbàgbọ́ lè sọ ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀? Kókó mẹ́ta ni a rí dì mú.

Èkíní, ẹni tí ọ̀ràn dùn nìkan ni ó lè dárí jì. Kò sí oníwàásù tí ó lè bá opó forí ji ẹni tí ó pa ọkọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù, nínú ìwé Róòmù orí 12, kọ̀ fún wa láti gbẹ̀san. Ní orí 13, ó fi ìyà ọ̀daràn sí ọwọ́ ìjọba. Nítorí náà, ẹni tí ó ti dárí jì nínú ọkàn rẹ̀ ṣì lè jẹ́rìí ní kóòtù. Bí ìjọba bá sì kùnà, ẹ̀san ni àwọn ènìyàn yóò máa wò bí ìdájọ́.

Èkejì, ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 18 kọ́ni pé olúkúlùkù ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Fúlàní tí ó ń ta wàrà lọ́jà kì í ṣe agbébọn. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yà dájọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí Yorùbá ń pè ní "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Ẹ̀kẹta, àánú kò gbọdọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ní South Africa, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu ṣe alága rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ ní ọdún 1996. Ẹni tí ó bá ń wá ìdáríjì ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ó ṣe; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rí i gbà. Síbẹ̀, àwọn tí ìyà jẹ ráhùn pé owó gbà-máà-bínú kéré, ó sì pẹ́. Èyí fi hàn pé ìlàjà tí kò bá tún ayé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ṣe kò tíì parí.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Ní kíláàsì wa, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ darandaran lè jókòó sórí bẹ́ńṣì kan. Bí bírò bá sọnù, kí olùkọ́ má ṣe kọ́kọ́ wo ojú ọmọ kan. Kí ó wádìí, kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó jí i dá a padà, kí ó sì dáàbò bo ọmọ náà lọ́wọ́ orúkọ olè tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi máa pè é títí láé. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Àgbálọgbábọ̀

A ti ṣàlàyé pé òdodo, àánú àti ìfẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Òtítọ́ ni ó ń ṣíwájú, àtúnṣe ń tẹ̀ lé e, ìdáríjì ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì ń parí rẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Òótọ́ ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò jọ máa gbé ilẹ̀ Ìbàràpá kò lè yẹra fún ara wọn. Bí a ó ṣe jọ gbé e ni kí olùkọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ láti kékeré.