Ẹrù Onílẹ̀ Tí Ó Dá Igbó Sí

Ẹ̀yin ará, igbó tí ó bo orísun odò lè jẹ́ ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó ń mu omi rẹ̀. Bí onílẹ̀ bá dá igbó náà sí, òun nìkan ni ó pàdánù oko tí ì bá dá níbẹ̀. Ǹjẹ́ èyí ha tọ́ bí?

Ní ilẹ̀ Kosta Ríkà, àwọn àgbẹ̀ ti pa igbó púpọ̀ run nítorí pápá màlúù. Ní ọdún 1996, ìjọba ka pípa igbó run léèwọ̀; ṣùgbọ́n òfin kan náà pàṣẹ pé kí a máa san owó fún onílẹ̀ tí ó bá dá igbó rẹ̀ sí. Láti ọdún 1997 ni a ti ń san án, a sì ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú owó tí ìjọba ń gbà lórí epo ọkọ̀. Lónìí, igbó bo ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ. Kì í ṣe owó yìí nìkan ni ó mú un padà, nítorí òwò màlúù pẹ̀lú ti rẹlẹ̀. Síbẹ̀ ó fún onílẹ̀ ní ìdí láti dá àáké dúró.

Nítorí náà, kí a tó bá onílẹ̀ wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá a gbé ẹrù rẹ̀.