Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọwọ́ rí iṣẹ́ ṣe



Ẹ wo ibi tí a ti ń ṣe epo pupa. Ẹnìkan gun ọ̀pẹ, ó gé ìdì ẹyìn. Àwọn kan ṣa ẹyìn, wọ́n sè é, wọ́n gún un, wọ́n fún epo. Àwọn mìíràn ń pa èkùrọ́. Nàgó wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti olórìṣà jọ ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ta ni a kò pè?

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ ẹni tí àrùn Buruli ti mú rí. Àrùn yìí máa ń dá egbò ńlá sí ènìyàn lára. Ní Pobẹ̀, ní ẹkùn Plateau wa yìí, ilé ìwòsàn kan wà tí a dá sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí ìwòsàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí egbò bá pẹ́ kí á tó tọ́jú rẹ̀, apá tàbí ẹsẹ̀ lè gan. Onítọ̀hún á sàn, á padà sílé, àwọn kan á sì ní àwọn kò fẹ́ bá a ṣiṣẹ́.

Èyí kò dára. Ìdí mẹ́ta nìyí:

1. Àrùn Buruli kì í ràn ènìyàn nítorí pé a jọ jẹun tàbí a jọ ṣiṣẹ́.

2. Òfin kò gbà á. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 náà sọ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yà, ẹ̀sìn, tàbí bóyá ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ó tó gbà á síṣẹ́.

3. Bí a bá ń lé ẹni tí ó ti sàn, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàìsàn yóò fi egbò rẹ̀ pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá tètè lọ, òògùn ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó sàn kí apá rẹ̀ tó gan.

Ẹnìkan lè wí pé: “Ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Owó wa yóò dínkù.” Ó dára. Ẹ fi abọ́ wọn èkùrọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pa. Abọ́ kan, iye kan, fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí yóò rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Kí ni a lè ṣe?

Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọpọ́n rẹ̀ ka orí tábìlì. Ẹni tí ó ní ọwọ́ kan lè ṣa èkùrọ́ dáadáa kúrò nínú èyí tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó mọ̀wé lè kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú kàyé ẹgbẹ́. Ní ìpàdé, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ní Nàgó, kí ẹ tún un sọ ní Ègùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti bà lọ́wọ́ jẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìgbóná mọ́, ẹ má fi í sídìí iná, kí epo gbígbóná má baà jó o.

Àwọn àgbà ní: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí kò bá sí ọmọdé, ta ni yóò kó ohun inú kèrègbè jáde?

Ẹ jọ jíròrò:
Ta ni kò sí nínú ẹgbẹ́ yín? Kí ni ó fà á? Iṣẹ́ wo ni ó lè ṣe bí ẹ bá pè é lọ́la?

Bí ẹ bá sì rí kókó tàbí wíwú tí kò dùn ún lára ọmọ yín, ẹ má dúró de egbò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.