Ajá Ọdẹ Igbó Òrè àti Odìgbó

Ajá tí àwọn ọdẹ ń lò nínú igbó Òrè àti Odìgbó kì í ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ púpọ̀. Irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ nà ró, ìrù rẹ̀ sì sábà máa ń ká sẹ́yìn. Àwọn pupa wọ́pọ̀ nínú wọn. Dúdú àti alámì funfun náà kò wọ́n. Ó jọ Basenji ilẹ̀ Kóńgò, àyàfi pé Basenji kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó. Ti ilẹ̀ Yorùbá ń gbó ní tirẹ̀, àgàgà lóru.

Iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń fi ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní terrier ṣe náà ni tirẹ̀: kó wá ẹran inú ihò kàn. Òkété ló ń gbẹ́ ilẹ̀ tọ̀, ọ̀yà ló ń lé jáde láti inú koríko, ó sì ń tọ òórùn ẹtu lọ. Ojú kì í ríran jìnnà nínú igbó dídí, ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń so agogo kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Iṣẹ́ yìí ló mọ ìwà rẹ̀. Ẹni tó pè é ní olóríkunkun kò purọ́, ṣùgbọ́n ajá tó bá ń dúró gba àṣẹ lẹ́nu ihò kò ní rí òkété pa. Ó mọ ará ilé, ó ń fura sí àlejò. Èyí tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ a máa ya oníjà.

Nítorí pé ara rẹ̀ le, àwọn kan gbà pé kò nílò ìtọ́jú. Wọn kò gbà á re. Eégbọn inú igbó ń kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀: ara rẹ̀ á gbóná, èrìgì rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n. Ó yẹ kí wọ́n yẹ inú etí àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò bó bá ti oko dé. Aràn ń bá ọmọ ajá láti inú ìyá rẹ̀, nítorí náà oògùn aràn kì í yá jù bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ewu kan tún wà tí ilẹ̀ kòkó bí Odìgbó kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Májèlé ni kòkó fún ajá. Èyí tó bá jẹ hóró rẹ̀ níbi tí wọ́n sá a sí lè máa bì, kó máa gbọ̀n, kó sì kú. Epo pupa tí àwọn ènìyàn ń rọ sí i lẹ́nu kì í pa oró náà, ó sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn.

Èyí tó burú jù ni dìgbòlugi. Àjẹsára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù 3, wọ́n sì ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹni tí ajá bá gé jẹ yóò fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, torí bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn yè é. Jíjẹ ẹ̀dọ̀ ajá náà kì í ṣe ìwòsàn. Bí ajá ọ̀hún kò bá tíì ṣàìsàn, kí wọ́n tì í mọ́lé, kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10: bó bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ sì dá lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó géni jẹ.